Ṣé Bill Shankly Gbá Bọ́ọ̀lù fún Liverpool Rí? Bí Ogun Ṣe Da Àkọsílẹ̀ Ọmọ Skọ́tlándì Kan Rú

Ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tí mo máa ń lọ, àríyànjiyàn Liverpool kì í tán. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, orí Bill Shankly ló bọ́ sí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin tó ń dúró de abẹ ní Shankly kò gbá bọ́ọ̀lù fún Liverpool rí láyé rẹ̀, pé iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá nìkan ló ṣe níbẹ̀. Èkejì ní irọ́ ni, pé ọkùnrin náà wọ aṣọ Liverpool kojú Everton, wọ́n sì na Everton ní 4-1. Kálukú fa fóònù yọ. Fóònù kan ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún péré ni Shankly gbá bọ́ọ̀lù fún Skọ́tlándì. Fóònù kejì ní ẹ̀ẹ̀mejìlá. Wọ́n fi igo mọ́ltì mẹ́rin ta á, ni wọ́n bá yíjú sí mi, torí wọ́n gbà pé ẹni tó bá ti ní ewú lórí gbọ́dọ̀ mọ gbogbo nǹkan.

Kò sí èyí tó purọ́ nínú fóònù méjèèjì. Ogun ló dá ìjà náà sílẹ̀, èyí tí àwọn àgbà wa ń pè ní ogun Hitler. Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1939, ó parí lọ́dún 1945, ó sì ya ayé bọ́ọ̀lù Shankly sí méjì bí ìgbà tí èèyàn fa aṣọ ya. Ẹni tí kò bá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí bọ́ọ̀lù láàárín ọdún wọ̀nyẹn, bó ti wù kó ka ìwé tó, nọ́ńbà àwọn agbábọ́ọ̀lù ayé ìgbà náà á máa rú u lójú.

Ta ni Shankly kí ogun tó dé?

Ọ̀pọ̀ wa mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá tó gbé Liverpool dìde láti ìpele kejì, tó sì fi ife líìgì 1964, 1966 àti 1973 sí wọn lọ́wọ́. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, agbábọ́ọ̀lù ni, agbábọ́ọ̀lù tó já fáfá sì ni.

Ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án ọdún 1913 ni wọ́n bí i ní Glenbuck, abúlé àwọn awakùsà èédú kan ní Ayrshire, ní Skọ́tlándì. Ọmọ mẹ́wàá ni ìyá rẹ̀ bí. Ọkùnrin márùn-ún ló wà nínú wọn, àwọn márààrún ló sì fi bọ́ọ̀lù jẹun. Èrò Glenbuck kò ju ti ilé ẹ̀kọ́ girama ńlá kan lọ, síbẹ̀ nǹkan bí àádọ́ta agbábọ́ọ̀lù tó ń gbowó ló ti ibẹ̀ jáde. Bí ẹ bá lọ wá abúlé náà lónìí, ẹ ò ní rí i. Èédú tán, àwọn èèyàn tú ká, ilé sì wó.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni Shankly nígbà tó wọ inú ihò èédú lọ ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n ti ihò náà pa, bọ́ọ̀lù ló kù fún un. Carlisle United gbà á lọ́dún 1932, ó lo sáà kan níbẹ̀, Preston North End sì rà á lọ́dún 1933 ní 500 pọ́n-ùn. Àárín lápá ọ̀tún ló ń gbá. Iṣẹ́ ẹni tó bá wà níbẹ̀ láyé ìgbà náà ni pé kó já bọ́ọ̀lù gbà lẹ́sẹ̀ ọ̀tá, kó sì pín in fún àwọn tó wà níwájú. Iṣẹ́ aláàárù ni: ọjà ẹlòmíràn ló ń gbé, kì í sábà gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n fúnra rẹ̀.

Lọ́dún 1934, Preston gòkè sí ìpele àkọ́kọ́. Lọ́dún 1937, wọ́n dé àṣekágbá ife FA, Sunderland sì nà wọ́n ní 3-1. Lẹ́yìn náà ni oṣù kẹrin ọdún 1938 dé. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù náà ni Shankly kọ́kọ́ wọ aṣọ Skọ́tlándì, ní Wembley, wọ́n sì na Ẹ́ńgílándì ní 1-0. Tommy Walker ti Hearts ló gbá gólì náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gééré lẹ́yìn ìyẹn, ó tún padà sí Wembley kan náà pẹ̀lú Preston, wọ́n sì na Huddersfield ní 1-0 láti gba ife FA. Àfikún àkókò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá nígbà tí George Mutch, ọmọ Skọ́tlándì bíi tirẹ̀, gbá pẹ́náritì wọlé. Shankly kò tíì pé ọmọ ọdún 25.

Ọwọ́ rẹ̀ ti ba èkù idà. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ níbẹ̀ ná.

Kí ni ìyàtọ̀ eré tó "kà" àti eré tí kò "kà"?

Ẹ rántí káàdì alájọ. Ìyá ọlọ́jà á san owó òòjọ́ rẹ̀, alájọ á sì fi báírò sàmì sí ojú ọjọ́ náà nínú káàdì. Ká ní alájọ gba owó ṣùgbọ́n tí kò sàmì. Owó ti kúrò lápò ìyá ọlọ́jà lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń ṣírò lópin oṣù, káàdì kò mọ ọjọ́ náà rí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni bọ́ọ̀lù. Eré tó kà ni èyí tí àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù fọwọ́ sí pé kó wọ ìwé: ti líìgì, ti ife ẹ̀yẹ, ti orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè. Eré tí kò kà, wọ́n gbá a, rẹfirí fun fèrè, èrò sanwó wọlé, ẹsẹ̀ ẹlòmíràn tilẹ̀ kán níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí àmì fún un nínú káàdì.

Fún eré orílẹ̀-èdè, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ará Skọ́tlándì ní orúkọ kan fún àmì yẹn: fìlà ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe àfiwé lásán o. Fìlà tòótọ́ ni, tí wọ́n rán, tí wọ́n sì ń fún agbábọ́ọ̀lù tó bá ṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń sọ pé lágbájá ní fìlà ogún tàbí ọgbọ̀n. Nítorí náà, bí ìwé bá ní Shankly ní fìlà márùn-ún, ohun tó ń sọ ni pé ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni alájọ sàmì sí káàdì rẹ̀. Iye ìgbà tó wọ aṣọ náà lọ́tọ̀.

Kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí ogun bẹ̀rẹ̀?

Sáà 1939-40 bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ. Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án, wọ́n ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù káàkiri Ẹ́ńgílándì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọmọ ogun Jámánì ti wọ Póláńdì lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ọjọ́ náà ni Shankly pé ọmọ ọdún 26. Lọ́jọ́ kejì, tó jẹ́ ọjọ́ Àìkú, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kéde ogun.

Kíá ni ìjọba ti gbogbo ibi tí èrò ń pé jọ sí pa. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé bí àdó olóró bá já lu pápá tí èrò kún, ikú ibẹ̀ kò ní ṣe é kà. Wọ́n dá líìgì dúró. Àwọn ẹgbẹ́ tó gbá jù ti gbá mẹ́ta péré. Blackpool tó borí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà lókè tábìlì. Wọ́n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀ rí.

Ohun tó dun àwọn agbábọ́ọ̀lù jù ni ọ̀rọ̀ owó. Ṣáájú ogun, òfin wà pé ẹgbẹ́ kankan kò gbọ́dọ̀ san ju 8 pọ́n-ùn lọ́sẹ̀ fún agbábọ́ọ̀lù nígbà tí sáà bá ń lọ. Bí ogun ti dé, wọ́n dá ìwé àdéhùn iṣẹ́ dúró, owó ọ̀sẹ̀ sì dá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i: ẹgbẹ́ kò sanwó fún ẹ mọ́, síbẹ̀ orúkọ rẹ ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Bí ogun bá parí, àwọn ló ni ẹ. Lójú tèmi, ìyá ọkọ tí kò fún ìyàwó ilé lóúnjẹ, tó sì tún ní kó má lọ sílé bàbá rẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ yẹn fìwà jọ.

Nígbà tó yá, ìjọba rí i pé ará ìlú nílò ohun tí wọ́n á fi gbàgbé ìṣòro. Wọ́n gbà kí bọ́ọ̀lù padà, ṣùgbọ́n kékeré. Líìgì àgbègbè ló rọ́pò líìgì gbogbo orílẹ̀-èdè, kí ẹgbẹ́ má baà máa rìnrìn àjò jìnnà. Láwọn ibi tí wọ́n rò pé ó léwu, èrò inú pápá kò gbọ́dọ̀ ju 8,000 lọ níbẹ̀rẹ̀. Owó tí agbábọ́ọ̀lù ń gbà wá di 30 ṣílè fún eré kan, ìyẹn pọ́n-ùn kan àti ààbọ̀. Àwọn tó náwó ní Nàìjíríà kí náírà tó dé lọ́dún 1973 lè ṣírò ìyẹn láìwo ìwé.

Báwo lẹnì kan ṣe gbá fún Preston, Norwich, Arsenal, Luton, Liverpool àti Partick Thistle?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Wọ́n á ní: ṣé wọ́n ń tà á kiri ni? Rárá.

Shankly wọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú, RAF. Wọn kò rán an lọ sójú ogun nílẹ̀ òkèèrè. Àárín Bìrìtìkó fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé e láti ibùdó kan dé ibùdó míì. Ó ń ṣe eré ìdárayá níbẹ̀, ó tilẹ̀ ń kan ẹ̀ṣẹ́. Bí wọ́n bá gbé ọmọ ogun tó jẹ́ agbábọ́ọ̀lù lọ síbi tó jìnnà sí ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ni kó ṣe lọ́jọ́ Sátidé? Wọ́n ṣe òfin pé ó lè gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ tó bá wà nítòsí rẹ̀, bí ẹgbẹ́ tirẹ̀ bá gbà. Agbábọ́ọ̀lù àlejò ni wọ́n ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá ti ṣe agùnbánirọ̀ rí á tètè lóye rẹ̀. Wọ́n bí ẹ sí Ìjẹ̀bú, inú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì yín ni o ti dàgbà. Ìjọba wá gbé ẹ lọ sìnlú ní Sókótó. Wàá wá ṣọ́ọ̀ṣì kan níbẹ̀, wàá wọ aṣọ akọrin wọn, wàá sì kọrin lọ́jọ́ Àìkú títí ọdún á fi pé. Kò sọ ẹ́ di ọmọ ìjọ wọn. Orúkọ rẹ ṣì wà nínú ìwé ìjọ Ìjẹ̀bú.

Ẹgbẹ́ míì jèrè nínú ètò yìí ju ẹlòmíràn lọ. Aldershot ẹgbẹ́ kékeré ni, ṣùgbọ́n ìlú ológun ni Aldershot. Lójijì ni wọ́n ní Cliff Britton, Stan Cullis àti Joe Mercer, àwọn mẹ́ta tó ń di àárín ikọ̀ Ẹ́ńgílándì mú, nínú aṣọ wọn. Ká ní lónìí, ẹgbẹ́ àdúgbò yín kàn jí rí àárín ikọ̀ Super Eagles nínú pápá wọn.

Shankly náà rìn bẹ́ẹ̀. Bí ibùdó bá ṣe ń yí padà ni aṣọ ń yí padà. Norwich City wà níbẹ̀, Arsenal wà níbẹ̀, Luton Town náà. Lóṣù karùn-ún ọdún 1942, ó wọ aṣọ Liverpool lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní Anfield, wọ́n sì na Everton ní 4-1. Ọdún 17 ó lé díẹ̀ lẹ́yìn náà, lóṣù kejìlá ọdún 1959, ó padà sí pápá yẹn gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá.

Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí Bishopbriggs lẹ́bàá Glasgow, Partick Thistle gbà á lálejò. Ó wà pẹ̀lú wọn nígbà tí wọ́n gba Ife Ìgbà Ẹ̀ẹ̀rùn lọ́dún 1945, tí wọ́n na Hibernian ní 2-0 ní àṣekágbá. Ibùdó Bishopbriggs yẹn náà ló ti pàdé Nessie, tóun náà wà nínú iṣẹ́ òfuurufú. Wọ́n ṣègbéyàwó lọ́dún 1944. Kì í ṣe gbogbo nǹkan ni ogun gbà lọ.

Kí ló dé tí wọn kò fi ka àwọn eré náà?

Ìdí wà, mi ò sì lè bá wọn jiyàn lórí gbogbo rẹ̀.

Ẹ gbọ́ ti ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1940. Brighton fẹ́ lọ bá Norwich gbá bọ́ọ̀lù. Agbábọ́ọ̀lù márùn-ún péré ni wọ́n rí kó dé. Wọ́n wá bẹ Norwich fún díẹ̀ nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù ìpamọ́ wọn, wọ́n sì mú àwọn sójà tó wá wòran látinú èrò láti fi dí ìyókù. Norwich gbá gólì 18, Brighton kò rí ẹyọ kan. Ìwé wo lẹ fẹ́ kọ ìyẹn sí? Bí wọ́n bá kà á, ẹni tó gbá gólì mẹ́fà wọlé sọ́wọ́ sójà tó wá wòran lásán á wà lókè ẹni tó lo ọdún mẹ́wàá kó tó rí irú rẹ̀.

Tábìlì fúnra rẹ̀ kò tọ́. Ní sáà 1940-41, ẹgbẹ́ kan lè gbá eré púpọ̀, kí òmíràn gbá ìwọ̀nba, torí àdó olóró, ọkọ̀ ojú irin àti ibi tí sójà wọn wà. Wọn kò lè fi àmì-ayò tò wọ́n, nítorí náà wọ́n ń pín gólì tí ẹgbẹ́ gbá wọlé sí iye gólì tó wọlé wọn, wọ́n sì ń fi ìyẹn tò wọ́n. Preston ló wà lókè ní apá àríwá lọ́dún náà.

Ọdún kan náà ni Preston gba Ife Ogun. Wọ́n bá Arsenal gbá ọ̀mì 1-1 ní Wembley lọ́jọ́ kẹwàá oṣù karùn-ún, lẹ́yìn tí Leslie Compton ti gbá pẹ́náritì Arsenal lu òpó. Wọ́n tún un gbá ní Blackburn, Preston sì borí ní 2-1. Shankly wà níbẹ̀, àti ọmọkùnrin ọdún 19 kan tó ń jẹ́ Tom Finney. Bí ẹ bá wá wo àwọn ife ńlá tí Preston ti gbà, ẹ ó rí ife FA ti 1938, ẹ ò sì ní bá ti 1941 lára wọn.

Fìlà márùn-ún àbí méjìlá?

Ibí ni èmi àti àwọn akọ̀wé àjọ ti yà.

Àwọn márùn-ún tó kà rèé: Ẹ́ńgílándì lóṣù kẹrin ọdún 1938 tí mo ti sọ, Àríwá Írẹ́lándì, Wales àti Húngárì láàárín oṣù kẹwàá sí oṣù kejìlá ọdún náà, Skọ́tlándì sì borí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, lẹ́yìn náà Ẹ́ńgílándì lẹ́ẹ̀kan sí i lóṣù kẹrin ọdún 1939, ní Hampden nínú Glasgow, níbi tí òjò ti ń rọ̀ lórí èrò tó lé ní 149,000, tí Tommy Lawton sì gbá gólì tó fún Ẹ́ńgílándì ní ìṣẹ́gun 2-1 nígbà tí eré fẹ́ parí. Ọdún kan àti ọjọ́ díẹ̀ ni ìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Skọ́tlándì àti Ẹ́ńgílándì kò jáwọ́ nínú kíkojú ara wọn nígbà ogun. Shankly gbá méje nínú àwọn eré wọ̀nyẹn. Márùn-ún àti méje, méjìlá. Ẹni tó kọ méjìlá ka eré tó gbá. Ẹni tó kọ márùn-ún ka fìlà. Ọ̀rọ̀ fóònù méjèèjì ti yanjú nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀kan nínú méje náà kí ẹ tó fọwọ́ rọ́ wọn sẹ́yìn. Oṣù kẹrin ọdún 1942, Hampden, èrò 91,000. Kì í ṣe sójà tí wọ́n mú látinú èrò ló wà nínú pápá lọ́jọ́ yẹn o, àwọn ògbólógbòó orílẹ̀-èdè méjèèjì ni. Skọ́tlándì borí ní 5-4. Jock Dodds gbá mẹ́ta, Billy Liddell gbá ọ̀kan, Shankly gbá ọ̀kan. Mo ti sọ níṣàájú pé ẹni tó wà ní ipò rẹ̀ kì í sábà gbá gólì. Gólì kan ṣoṣo tó gbá fún orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní gbogbo ayé rẹ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá ṣí ìwé àkọsílẹ̀ wo iye gólì tí Bill Shankly gbá fún Skọ́tlándì, òdo lẹ ó rí.

Bí wọ́n bá ní kí a má ka 18-0 ti Norwich, mo gbà. Bí wọ́n bá wá fi ti Hampden yẹn sínú àpò kan náà, mo rò pé alájọ ti ṣìwà hù.

Mélòó gan-an ni ogun gbà lọ́wọ́ rẹ̀?

Líìgì tòótọ́ kò padà títí di ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 1946. Ìwé ètò eré sáà 1939-40 tí wọ́n pa rẹ́ ni wọ́n gbọn eruku rẹ̀, tí wọ́n tún lò, bí ẹni tó sùn lọ nídìí oúnjẹ tó jí tó sì tẹ̀ síwájú. Àmọ́ ọwọ́ tó ń jẹun ti gbó. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn ọjọ́ tí líìgì padà ni Shankly pé ọmọ ọdún 33.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí ọlọ́jà. Ẹgbẹ́ 22 ló wà ní ìpele àkọ́kọ́, kálukú sì ń gbá eré 42 ní sáà kan. Láti 1939-40 títí dé 1945-46 jẹ́ sáà méje. Méje lọ́nà 42 jẹ́ 294. Iye eré líìgì tí Shankly gbá fún Preston ní gbogbo ayé rẹ̀, ṣáájú ogun àti lẹ́yìn ogun, kò tó 300. Ohun tí ogun gbé lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ohun tó wà nínú ìwé. Kò dájú pé ì bá gbá gbogbo 294 náà, torí ìpalára kò mọ olówó, kò mọ tálákà, ṣùgbọ́n láàárín ọdún 26 sí 33 ni agbábọ́ọ̀lù àárín máa ń gbọ́n tí eegun rẹ̀ sì ṣì le.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fara mọ́ ọn bí wọ́n bá ní ogun "dá bọ́ọ̀lù rẹ̀ dúró". Bọ́ọ̀lù rẹ̀ kò dúró. Ọkùnrin náà kò jókòó. Ó gbá bọ́ọ̀lù ní Norwich, ní Glasgow, ní Wembley, ní Hampden. Ìwé ló dúró.

Ó padà sí Preston, ó sì gbá títí di oṣù kẹta ọdún 1949, nígbà tó lọ di akọ́nimọ̀ọ́gbá Carlisle, ẹgbẹ́ tó ti kọ́kọ́ gbà á. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lápá ọ̀tún Preston ni Finney wà, ọmọkùnrin ọdún 19 tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Òun náà ti wọṣẹ́ ológun, ó ti dé Íjíbítì àti Ítálì, ó sì ti pé ọmọ ọdún 24 kó tó gbá eré líìgì àkọ́kọ́ tó kà.

Ṣé òun nìkan ni?

Ó tì o. Matt Busby, ọmọ Skọ́tlándì tó gbé Manchester United dé ibi tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí, fìlà kan ṣoṣo ló ní, èyí tó gbà lọ́dún 1933. Eré ogun méje ló gbá lé e. Bàbá rẹ̀ ti kú sójú ogun ní Arras lọ́dún 1917, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì ni ogun kan ilẹ̀kùn ilé wọn. Tommy Walker tó gbá gólì 1938 yẹn lọ dé Íńdíà pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun, ó sì ti di ẹni ọdún 31 kí Chelsea tó rà á.

Èyí tó yẹ kó ká àwọn olólùfẹ́ Liverpool lára jù ni Liddell. Gólì 228 ni ìwé kọ fún un ní Anfield. Àwọn tó gbá nígbà ogun, tí wọ́n lé ní 80, kò sí lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ aṣọ Liverpool kan náà ló wọ̀ gbá wọn. Nígbà tó bá kúrò lórí pápá, inú ọkọ̀ òfuurufú ogun ló ń wọ̀, tó ń wo máàpù fún awakọ̀.

Àwọn wọ̀nyẹn padà wálé. Ní ogun tó ṣáájú, ti 1914, agbábọ́ọ̀lù Hearts ti Edinburgh dìde lọ wọṣẹ́ ológun lọ́pọ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ wọn wà lókè líìgì. Celtic ló gba líìgì náà nígbẹ̀yìn. Méje nínú àwọn ọmọ Hearts kò padà. Òpó aago ìrántí wọn wà ní Haymarket nínú Edinburgh títí dòní.

Ta ló wá jẹ mọ́ltì?

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Mo sọ fún ọmọ tó ní Shankly kò gbá fún Liverpool rí pé ó jàre bó bá jẹ́ káàdì là ń kà, torí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú àwọn tó gbá eré tó kà fún Liverpool. Mo sọ fún èkejì pé ó jàre bó bá jẹ́ owó tó wọlé là ń kà. Wọ́n pín mọ́ltì ní méjì-méjì, wọ́n sì ń wò mí bí ẹni tó fi àkókò wọn ṣòfò.

Bàbá àgbà kan tó jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn Everton, òun nìkan ní gbogbo àdúgbò, wà lórí àga, ọṣẹ wà lágbọ̀n rẹ̀. Ó ní kí n dúró ná. Ó ní ṣé ohun tí mò ń sọ ni pé 4-1 yẹn kò sí nínú ìwé?

Mo ní kò sí níbẹ̀, sà.

Ó ní kí n tún un sọ, kí àwọn ọmọ wọ̀nyí lè gbọ́ ọ dáadáa.